Ọmọ Tí Ó Bá Ṣí Apá Ni À Ń Gbé

Ẹ̀kọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti òkèèrè wá, àti fún àwọn ìdílé tí ń gbà wọ́n

Ibi kíkà: Dáníẹ́lì orí 1, Lúùkù 14, ẹsẹ 28 sí 30

 

Ní ọdọọdún, bí oṣù Kẹsàn-án bá ti ń lọ sí òpin, àwọn ìjókòó ẹ̀yìn nínú ilé ìsìn wa a máa kún. Àwọn ọ̀dọ́ tí a kò rí rí ni wọ́n. Aṣọ òtútù wọn fẹ́lẹ́, wọn kò sì tíì mọ ọkọ̀ tí yóò gbé wọn délé. Wọ́n á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á kúnlẹ̀ kí wa bí ẹni tí kò tíì kúrò ní Ìbàdàn tàbí Adó-Èkìtì. Yunifásítì ni wọ́n wá. A máa ń yọ̀ mọ́ wọn, a máa ń bu ìrẹsì fún wọn lẹ́yìn ìsìn, a ó ní, "Ẹ kú oríire o." Lẹ́yìn èyí, olúkúlùkù a gba ilé rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí dá lé lórí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ìṣòro bá dé bá ní òkèèrè, tí ó sì tètè sọ ọ́, ọ̀nà sábà máa ń là fún un. Èyí tí ó bá fi í pamọ́, ohun tí ó ṣeé tún ṣe lónìí lè di ohun tí kò ṣeé tún ṣe mọ́ lóṣù tí ń bọ̀. Àwọn baba wa ti sọ pé ọmọ tí ó bá ṣí apá ni à ń gbé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará, ọ̀nà méjì ni òwe náà pín sí. Ọmọ ní láti ṣí apá; àgbà náà sì ní láti wà nítòsí, kí ó lè rí apá tí ọmọ ṣí.

OHUN TÍ OJÚ WA RÍ

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, ọmọkùnrin kan nínú ìjọ dúró dè wá lẹ́yìn ìsìn. A kò ní dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí a sọ ìtàn náà nítorí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ ní oògùn orí fífọ́ lọ́wọ́?" Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni iṣẹ́ wa, a kì í sì í fún ènìyàn ní oògùn láìkọ́kọ́ bi í léèrè ọ̀rọ̀. A ní, "Ìgbà wo ni o sùn gbẹ̀yìn?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun sùn díẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì. Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ Àìkú ni à ń wí yìí.

A mú un wọ yàrá ẹ̀yìn, a fún un ní tíì. Kí tíì náà tó tutù, ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí jáde. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni ó dé láti kọ́ ẹ̀kọ́ oyè másítàsì ọlọ́dún kan. Baba rẹ̀ ti san ìdajì owó ilé-ẹ̀kọ́ kí ó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Kí àkókò ìdajì kejì tó tó, náírà ti já wálẹ̀. Baba ta mọ́tò rẹ̀, kò tó. Nígbà náà ni ọmọ náà gba iṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ó tún gba òmíràn mọ́ ọn ní ilé ìkẹ́rùpamọ́ kan. Bí ó bá darí dé ní òwúrọ̀, oorun a gbé e lọ. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò ti dé kíláàsì. Ilé-ẹ̀kọ́ ti kọ lẹ́tà sí i lórí kọ̀ǹpútà, kò lè ṣí i wò nítorí ẹ̀rù. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, ó ń pe ilé, ó ń wí pé, "Dádì, gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa."

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a sọ èyí tí ó dùn wá jù. Àwa ni a bá a wá iṣẹ́ alẹ́ náà. Ó ní òun ń wá iṣẹ́, a mọ ọ̀gá ilé ìtọ́jú náà, a sì fún un ní nọ́ńbà rẹ̀. A rò pé oore ni a ṣe. A kò bi í léèrè iye wákàtí tí ó ti ń ṣe níbòmíràn, a kò bi í léèrè ìdí tí owó fi ká a mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni ó fi ń jókòó lẹ́yìn wa nínú ilé Ọlọ́run, tí a ń kí i pé, "Báwo ni ilé-ẹ̀kọ́?" tí ó ń dáhùn pé, "A dúpẹ́ mà." A kò dúró gbọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

OHUN TÍ Ó SO AKẸ́KỌ̀Ọ́ MỌ́ ILẸ̀ YÌÍ

Ó yẹ kí gbogbo wa mọ bí físà akẹ́kọ̀ọ́ ti rí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ti gbé ìlú yìí pẹ́, a sì ń fi ohun tí a mọ̀ látijọ́ gba àwọn ọmọ tuntun nímọ̀ràn.

Físà akẹ́kọ̀ọ́ kò dá dúró fúnra rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ni ó dúró fún ọmọ náà lọ́dọ̀ ìjọba. Ìwé ìfọwọ́sí tí à ń pè ní CAS ni ilé-ẹ̀kọ́ fi ń jẹ́rìí pé àwọn gba ọmọ yìí, orí ìwé náà ni físà sì dúró lé. Nítorí náà, bí ọmọ bá dẹ́kun àti máa lọ sí kíláàsì, tàbí tí ilé-ẹ̀kọ́ bá yọ ọ́ nítorí owó tí kò san, ó di dandan kí ilé-ẹ̀kọ́ fi tó Home Office létí. Ìjọba lè wá gé físà náà kúrú, ó sì sábà máa ń jẹ́ 60 ọjọ́ péré ni wọ́n ń fún ènìyàn láti palẹ̀ mọ́ tàbí láti wá ọ̀nà mìíràn tí ó bá òfin mu.

Ẹni tí ó ń kàwé gba oyè ní yunifásítì lè ṣiṣẹ́ wákàtí 20 péré lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń ka ọ̀sẹ̀ náà. Kò sí pé ènìyàn ṣe 30 lọ́sẹ̀ yìí kí ó ṣe 10 lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀ kí ó bàa lè dọ́gba. Bí iṣẹ́ bá di méjì, àpapọ̀ àwọn méjèèjì ni wọ́n ń kà. Akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ dá òwò tirẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú, ìbáà ṣe irun dídì tàbí oúnjẹ títà. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ másítàsì rò pé àkókò ẹ̀ẹ̀rùn jẹ́ ìsinmi fún wọn. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìgbà náà ni wọ́n ń kọ ìwé àṣekágbá wọn, nítorí náà òfin 20 náà sábà máa ń dúró síbẹ̀.

Nípa ìdílé, láti ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ másítàsì ti inú kíláàsì lásán kò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Àwọn tí ń ṣe ẹ̀kọ́ ìwádìí bíi PhD, àti àwọn tí ìjọba ń san owó ẹ̀kọ́ wọn, ni a yọ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá parí ẹ̀kọ́ lè bèèrè físà àwọn tí ó ti gboyè, èyí tí ó ń fún wọn ní ọdún méjì láti gbé kí wọ́n sì ṣiṣẹ́, tàbí ọdún mẹ́ta fún ẹni tí ó gba PhD. Ṣùgbọ́n fún àwọn tí yóò bèèrè láti ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2027, ìjọba ti kéde pé ọdún méjì náà yóò di oṣù 18. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọ̀rọ̀ àtijọ́ tan ọmọ wá.

Ẹ JẸ́ KÍ A JÓKÒÓ ṢÍRÒ

Olúwa wa sọ̀rọ̀ ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́, tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ jókòó ṣírò owó, kí ó má bàa fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ tán kí ó má lè parí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò náà.

Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ẹni tí ń bọ̀ wá kàwé ní London ní láti fi hàn pé òun ní £1,529 fún jíjẹ àti mímu oṣù kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ń lọ sí ìlú mìíràn ní láti ní £1,171. Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n ń kà dé. Èyí jẹ́ £13,761 fún London àti £10,539 fún ibòmíràn, yàtọ̀ sí owó ilé-ẹ̀kọ́. Owó náà gbọ́dọ̀ ti wà ní báńkì fún ọjọ́ 28 gbáko. Lẹ́yìn èyí ni owó ìlera, tí ó jẹ́ £776 fún ọdún kan fún akẹ́kọ̀ọ́ láti oṣù Kejì ọdún 2024. Nítorí pé físà ẹ̀kọ́ ọlọ́dún kan máa ń ní oṣù díẹ̀ lé lẹ́yìn, £1,164 ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ másítàsì ń san.

Àwọn kan ń yá owó náà fún ọjọ́ 28, wọ́n á sì dá a padà bí físà bá ti jáde. Wọ́n ní, "Tí mo bá ti débẹ̀, iṣẹ́ pọ̀." Ẹ jẹ́ kí a wo èyí náà. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2025 títí di oṣù Kẹta ọdún 2026, owó-iṣẹ́ tí ó kéré jù tí òfin là sílẹ̀ fún ẹni ọdún 21 sókè jẹ́ £12.21 fún wákàtí kan. Bí a bá fi 20 sọ ọ́ di púpọ̀, £244.20 ni lọ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin jẹ́ £976.80. Owó yìí kò tó £1,171 tí ìjọba fúnra rẹ̀ sọ pé ènìyàn yóò fi jẹun kí ó sì fi san owó ilé. Níbo ni owó ilé-ẹ̀kọ́ yóò ti wá? Ẹni tí ó bá gbé gbogbo ìrètí rẹ̀ lé iṣẹ́ wákàtí 20, ìṣirò náà kò lè jáde. Nígbà tí kò bá sì jáde, ni ọmọ ń wọ inú òkùnkùn iṣẹ́ alẹ́ méjì.

Kì í ṣe gbogbo ìṣòro ni àìṣírò ń fà. Baba ọmọ tí a sọ ìtàn rẹ̀ ṣírò dáadáa. Ṣùgbọ́n kí oṣù Kẹfà ọdún 2023 tó dé, nǹkan bí náírà 460 ni dọ́là kan ní ọjà ìjọba. Nígbà tí ó fi máa di oṣù Kejì ọdún 2024, ó ti kọjá 1,400. Owó náírà tí ì bá san ìdajì owó ilé-ẹ̀kọ́, ìdá kan nínú mẹ́fà ni ó lè san. Kò sí baba tí ó lè ṣírò èyí tẹ́lẹ̀, nítorí náà kì í ṣe ohun ìtìjú. Ohun tí ó yẹ ni kí a tètè sọ ọ́.

KÌ Í ṢE ÒNÍ NI Ó BẸ̀RẸ̀

Àwọn ọmọ wa máa ń rò pé àwọn ni ẹni àkọ́kọ́ tí irú èyí ń ṣe. Ní ọdún 1967 ni ìjọba ìhín kọ́kọ́ mú kí owó ilé-ẹ̀kọ́ àlejò ju ti ọmọ onílẹ̀ lọ. Ní ọdún 1980, wọ́n ní kí àlejò máa san gbogbo owó rẹ̀ láìsí ìrànwọ́ ìjọba. Ní ọdún 1986, nígbà tí ètò SAP dé ní Nàìjíríà tí náírà sì já wálẹ̀, ọ̀pọ̀ òbí tí ọmọ wọn wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ ní òkèèrè ni ọ̀nà dí mọ́. Àwọn kan nínú àwọn àgbà ìjọ wa lónìí wà nínú àwọn ọmọ náà. Ẹ bi wọ́n léèrè, wọ́n á sọ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí a tún padà sẹ́yìn sí i. Ní ọdún 1922, Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, wá sí ìlú yìí láti kọ́ ìmọ̀ òfin. Ó rí ìyà tí ń jẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú ní London, pàápàá nípa ilé gbígbé, nítorí ọ̀pọ̀ onílé kì í fẹ́ gbà wọ́n. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1925, òun àti Dókítà Herbert Bankole-Bright ti Sàró pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn dá ẹgbẹ́ WASU sílẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ṣólàńkẹ́ kò fi ìṣòro náà pamọ́ fún àwọn ará ilé. Láàárín ọdún 1929 sí 1932, ó rin ìrìn àjò káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó ń sọ ọ́ létí àwọn ọba, àwọn oníṣòwò àti àwọn ará ìlú, ó sì ń gba owó jọ. Ní ọdún 1933, ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣí ní Camden ní àríwá London. Opeolu, ìyàwó Ṣólàńkẹ́, ni ó ń ṣe ìtọ́jú ilé náà. Ọmọ tí ó bá dé láti Èkó tàbí Accra tí kò mọ ẹnikẹ́ni, ó ní ibi tí yóò gbé àpótí rẹ̀ kalẹ̀ sí.

Ìjọ wa kò lówó láti ra ilé. Ṣùgbọ́n ibi tí ọmọ lè gbé ẹrù ọkàn rẹ̀ kalẹ̀ sí, a lè jẹ́ ìyẹn láìná kọ́bọ̀.

DÁNÍẸ́LÌ SỌ̀RỌ̀

Nígbà tí a bá ń ka ìwé Dáníẹ́lì, iná ìléru àti ihò kìnnìún ni a máa ń rántí. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí orí kìn-ín-ní. Akẹ́kọ̀ọ́ ni Dáníẹ́lì àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n kó wọn lọ sí ilẹ̀ àjèjì, wọ́n ní kí wọ́n fi ọdún mẹ́ta kọ́ èdè àti ìwé àwọn ará Kálídíà. Oúnjẹ ni ó kọ́kọ́ di ìṣòro fún wọn. Kí ni Dáníẹ́lì ṣe? Kò dákẹ́, kò sì máa da oúnjẹ náà nù ní kọ̀rọ̀. Ó tọ olórí àwọn ìwẹ̀fà lọ. Nígbà tí ẹ̀rù ba ìyẹn, ó tọ ẹni tí ń tọ́jú wọn lọ, ó sì mú àbá wá: ẹ dán wa wò fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ó sọ ọ́ kí ìṣòro tó di ńlá. Ẹni tí ó ní àṣẹ ni ó sọ ọ́ fún. Ó sì dá ọjọ́ tí wọn yóò padà wò ó. Ẹ̀kọ́ mẹ́ta yìí tó fún akẹ́kọ̀ọ́ èyíkéyìí.

ARA KÌ Í ṢE IRIN

Ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ bá dé, ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà àdúgbò, tí à ń pè ní GP. Ẹ ti san owó ìlera náà, tiyín ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, kò tọ́ kí wọ́n lé yín nítorí pé ẹ kò ní ìwé tí ó fi àdírẹ́sì yín hàn. Ẹ má dúró di ọjọ́ tí àìsàn bá dé.

Bí ẹ kò bá tíì pé ọdún 25, ẹ bèèrè abẹ́rẹ́ àjẹsára MenACWY, èyí tí ń dáàbò boni lọ́wọ́ oríṣi àrùn yírùnyírùn mẹ́rin. Níbi tí àwọn ọ̀dọ́ bá pọ̀ sí nínú ilé kan ni àrùn yìí ń tètè ràn. Orí fífọ́ líle, ọrùn tí kò ṣeé tẹ̀, ibà, ìmọ́lẹ̀ tí ń dun ojú: ẹ pe 999. Ara tí ó sú kò ní tètè hàn lára àwọ̀ dúdú, nítorí náà ẹ má dúró dè é.

Bí ibà bá mú yín láàárín ọdún kan tí ẹ ti ilé dé, ẹ sọ fún dókítà pé ilẹ̀ tí ẹ̀fọn wà ni ẹ ti wá. Ó lè jẹ́ ibà ẹ̀fọn, dókítà ìhín sì lè má ronú dé ibẹ̀ bí ẹ kò bá sọ.

Oòrùn ìhín kò tó fún àwọ̀ wa. Ìmọ̀ràn ìjọba ni pé kí àwa tí a ti ìdílé Áfíríkà wá ronú láti máa lo fítámì D, máíkírógíráámù 10 lójúmọ́, yípo ọdún. Kò wọ́n.

Ní ti oorun, a ti ṣe iṣẹ́ alẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, a mọ ohun tí à ń sọ. Ẹni tí kò sùn kì í rántí ohun tí ó kà. Ọkàn rẹ̀ a máa wúwo, ohun kékeré a máa bà á nínú jẹ́, yóò sì máa rò pé òun ya ọ̀lẹ. Bí ìwúwo náà bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, tí ènìyàn kò fẹ́ jẹun, tí kò fẹ́ dìde, tàbí tí ó ń rò ó pé ó sàn kí òun kú, àìsàn ni, kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà, kí a sì pe dókítà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ pe 111 kí ẹ sì tẹ 2. Àwọn Samaritans náà ń gbọ́ ènìyàn tọ̀sán-tòru lórí 116 123, ọ̀fẹ́ ni.

TA NI KÍ A SỌ Ọ́ FÚN?

Bí ó bá jẹ́ ti owó ilé-ẹ̀kọ́, ẹ kọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì owó ilé-ẹ̀kọ́ kí ọjọ́ sísan tó kọjá. Ẹ mú iye tí ẹ lè san lóṣooṣù lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí Dáníẹ́lì ti mú ọjọ́ mẹ́wàá lọ. Ẹ bèèrè bóyá owó ìrànwọ́ wà fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ìṣòro bá lójijì.

Bí ó bá jẹ́ ti kíláàsì tàbí ìdánwò, ẹ sọ fún olùkọ́ tí a fi yín sábẹ́ rẹ̀. Bí àìsàn ni, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ọjọ́ ìdánwò tó kọjá. Ẹ má ra iṣẹ́ àṣetiléwá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Láti ọdún 2022 ni òfin ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ẹni tí ń tà á, ẹni tí ó bá sì rà á lè pàdánù ipò rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́, kí físà rẹ̀ sì bá a lọ.

Bí ó bá jẹ́ ti físà, ẹ lọ sọ́dọ̀ agbaninímọ̀ràn ilé-ẹ̀kọ́, tàbí kí ẹ pe UKCISA, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ti akẹ́kọ̀ọ́ àlejò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi àwa ará ìjọ. Òfin kò gbà kí ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ máa gba ènìyàn nímọ̀ràn lórí físà, ìbáà ṣe alàgbà. Ohun tí a lè ṣe ni kí a bá yín lọ, kí a jókòó tì yín.

FÚN ÀWA ONÍLÉ, ÀTI FÚN ÀWỌN ÒBÍ NÍLÉ

Ẹ̀yin ìdílé tí ẹ gba akẹ́kọ̀ọ́ sílé, Ọlọ́run yóò san án fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: ṣé akẹ́kọ̀ọ́ ni ọmọ náà nínú ilé wa, àbí olùtọ́jú ọmọ tí a kò sanwó fún? Bí ó bá jẹ́ pé òun ni ó ń mú àwọn ọmọ wa lọ sílé-ìwé, tí ó ń gbé wọn bọ̀, tí ó ń se oúnjẹ alẹ́, ìgbà wo ni yóò kàwé? Ọmọ tí ń gbé inú ilé ẹni kì í lè sọ pé ó sú òun. Àwa ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè. Bí owó-orí káńsù bá sì ń bà yín lẹ́rù, ẹ mọ̀ pé wọn kì í ka akẹ́kọ̀ọ́ tí ń fi gbogbo àkókò rẹ̀ kàwé mọ́ àgbà tí wọ́n ń bu owó náà lé.

Ẹ̀yin tí ẹ ní òbí akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé tí ẹ mọ̀, ẹ bá wa sọ fún wọn: kí wọ́n má ṣe wí fún ọmọ pé, "Má jẹ́ kí ojú tì wá o," kí ọ̀rọ̀ náà tó lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó ń ti ẹnu ọmọ pa. Ó sàn kí wọ́n wí pé, "Ohunkóhun tí ó bá ṣẹlẹ̀, àwa ni kí o kọ́kọ́ sọ fún."

BÍ Ọ̀RỌ̀ ỌMỌ NÁÀ TI RÍ

Ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé e, a gba àyè níbi iṣẹ́, a bá a lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́tà tí kò lè ṣí wò náà, nígbà tí ó ṣí i, ohun tí ó wà níbẹ̀ ni pé kí ó wá rí wọn kí wọ́n lè ràn án lọ́wọ́. Ó kù ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n pín owó tí ó kù sí oṣù mélòó kan fún un. Ó fi iṣẹ́ ìkẹ́rùpamọ́ náà sílẹ̀ ní ọjọ́ náà. Nípa wákàtí tí ó ti ṣe kọjá òfin, a kò sọ ohunkóhun, nítorí a kò mọ òfin. A sin ín lọ sọ́dọ̀ agbaninímọ̀ràn tí ó forúkọ sílẹ̀, ohun tí ìyẹn sì wí ni ó tẹ̀lé.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó pe baba rẹ̀ nínú ilé wa. Baba dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní, "Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?" Nígbà tí ó yá, baba náà jẹ́wọ́ pé òun ti yá owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ láìsọ fún ọmọ, kí ó má bàa dààmú. Baba ń fi pamọ́ fún ọmọ, ọmọ ń fi pamọ́ fún baba.

A kò ní purọ́ pé gbogbo rẹ̀ dára. Ó kùnà iṣẹ́ kan, ó tún un ṣe, kò sì lè gboyè pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ọdún 2025 ni ó tó gba oyè náà. Gbèsè kù nílẹ̀ tí ó ń san. Ṣùgbọ́n ó parí. Nísinsìnyí, ní oṣù Kẹsàn-án, òun ni ó ń lọ jókòó sí ẹ̀yìn pẹ̀lú àwọn tí aṣọ òtútù wọn fẹ́lẹ́. Kì í bi wọ́n pé, "Báwo ni ilé-ẹ̀kọ́?" Ohun tí ó ń bi wọ́n ni pé, "Wákàtí mélòó ni o sùn lánàá? Èló ni ó kù tí o kò tíì san?" Lẹ́yìn náà, yóò jókòó, yóò dúró gbọ́ èsì.

Àwa náà ti kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍNÚ ÌDÍLÉ

1. Àwọn nǹkan mẹ́ta wo ni Dáníẹ́lì ṣe nígbà tí ọ̀ràn oúnjẹ dé? Èwo ni ó ṣòro jù fún wa?

2. Bí ọmọ wa bá ń lọ kàwé ní ibi tí ó jìnnà, ìlérí wo ni a lè ṣe fún un kí ó má bàa bẹ̀rù àtisọ òtítọ́?

3. Ta ni akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jókòó sítòsí wa ní ọjọ́ Àìkú tí ó kọjá? Ǹjẹ́ a mọ orúkọ rẹ̀ àti ohun tí ó ń kọ́?

4. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́: kí ni ohun kan tí ẹ ń fi pamọ́ lọ́wọ́lọ́wọ́, ta ni ẹ ó sì sọ ọ́ fún kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí?

Kí Olúwa tí ó pa Dáníẹ́lì mọ́ ní ilẹ̀ àjèjì pa àwọn ọmọ wa mọ́, kí ó sì fún àwa àgbà ní etí tí ń gbọ́. Àmín.